“Ẹ Fi Ọ̀rọ̀ Ẹnu Mi Mú Mi”: Àkọsílẹ̀ àga adájọ́ méjì àti ẹ̀sùn àgàbàgebè ní Washington

Lọ́jọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2016, Antonin Scalia, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án tó wà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kú ní ìpínlẹ̀ Texas. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Mitch McConnell, olórí àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ Republican tí wọ́n pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ti gbé ọ̀rọ̀ jáde pé àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ lẹ́nu nínú ẹni tí yóò jókòó sórí àga yẹn, nítorí náà kí àga náà ṣófo títí ààrẹ tuntun yóò fi dé. Barack Obama, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ló wà lórí àléfà. Ó ku ọjọ́ 269 kí wọ́n dìbò.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Ruth Bader Ginsburg, adájọ́ kan nílé ẹjọ́ kan náà, jáde láyé. Donald Trump, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ló wà lórí àléfà lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ 46 péré ló sì kù kí wọ́n dìbò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, McConnell, tí kò tíì kúrò lórí ipò olórí yẹn, ní ẹni tí Trump bá fà kalẹ̀ yóò rí ìbò nílé.

Bí ariwo “àgàbàgebè” ṣe gba ìlú kan nìyẹn. Àwọn Democrat ń nàka sí Republican, Republican ń nàka padà, fídíò àtijọ́ sì ń jáde lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Bí a bá tú u wò lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, àwọn kan jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ wọn pátápátá, àwọn kan ní ihò tí wọ́n lè sá wọ̀, àwọn díẹ̀ sì wà tí ẹ̀sùn náà kò bá rárá. Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí fẹ́ ṣe ni kó fi ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu kálukú ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tí òfin dákẹ́

Ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní abala kejì, ìpín kejì, pé ààrẹ ni yóò dárúkọ adájọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àti ìfọwọ́sí ilé aṣòfin àgbà. Kò dá ọjọ́ fún wọn. Kò pàṣẹ pé ilé gbọ́dọ̀ dìbò lórí orúkọ tó bá dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé agbára ààrẹ ń tán lọ́dún ìdìbò.

Ọ̀nà tí orúkọ ń gbà kò ṣòro. Ààrẹ á kéde ẹni tó fẹ́, á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ á pe ẹni náà jókòó, wọ́n á bi í léèrè ní gbangba fún ọjọ́ bíi mẹ́rin, wọ́n á sì dìbò láàárín ara wọn. Lẹ́yìn náà ni orúkọ á dé iwájú àwọn sẹ́nétọ̀ 100. Wọ́n á kọ́kọ́ dìbò láti fòpin sí àríyànjiyàn, kí wọ́n tó wá dìbò lórí ẹni náà. Ènìyàn méjì ló di kọ́kọ́rọ́ mú: alága ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àti olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé. Bí àwọn méjèèjì bá ká ọwọ́ gbera, orúkọ ò ní kúrò lórí tábìlì.

Ìbò tó ń fòpin sí àríyànjiyàn yẹn ló ti ba nǹkan jẹ́ ṣáájú. Tẹ́lẹ̀, ẹni 60 nínú 100 ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ tó kéré lè dènà adájọ́ tí wọn ò fẹ́. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, Harry Reid, olórí àwọn Democrat nílé nígbà náà, yí i padà pẹ̀lú ìbò 52 sí 48, pé ìbò tó bá ti ju ìdajì lọ ti tó fún adájọ́ àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ àti fún àwọn tí ààrẹ bá yàn sínú ìjọba. Ó yọ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2017, McConnell gbá èyí tó kù náà dànù. Látìgbà náà, ẹni 51 ti tó, tàbí 50 pẹ̀lú igbákejì ààrẹ. Kò sẹ́ni tó tún nílò ìbò ẹgbẹ́ kejì.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí náà ní àgàbàgebè tirẹ̀, ká kàn mẹ́nu bà á. Lọ́dún 2005 àwọn Republican ni wọ́n fẹ́ yí òfin 60 yẹn padà, àwọn Democrat ló ń ké pé ọba kò ní í gbà. Lọ́dún 2013 wọ́n pààrọ̀ aṣọ. Obama alára, nígbà tó jẹ́ sẹ́nétọ̀, wà lára àwọn tó gbìyànjú láti fi àríyànjiyàn dí Samuel Alito, ẹni tí ààrẹ Republican fà kalẹ̀ fún Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, lọ́nà ní oṣù Kínní ọdún 2006. Lọ́dún 2016, nígbà tó di pé tirẹ̀ ni wọ́n ń dí lọ́nà, agbẹnusọ rẹ̀ ní ó kábàámọ̀ ohun tó ṣe.

Ọdún 2016: orúkọ tí kò kúrò lórí tábìlì

Àwọn Republican jẹ́ 54 nílé lọ́dún náà. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì, gbogbo àwọn Republican 11 tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò ní pe ẹnikẹ́ni jókòó títí di ẹ̀yìn ọjọ́ 20 oṣù Kínní ọdún 2017. Wọn ò tíì mọ ẹni tí Obama máa mú wá. Kókó pàtàkì ni: kì í ṣe ẹni náà ni wọ́n kọ̀, àga ni wọ́n tì pa.

Lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹta, Obama dárúkọ Merrick Garland, olórí àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti agbègbè Washington, ẹni ọdún 63. Ó mọ̀ọ́mọ̀ mú ẹni tí kò le koko, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ díẹ̀, pé bóyá wọ́n á gbà. Wọn ò gbà. Mark Kirk ti Illinois àti Susan Collins ti Maine, Republican ni wọ́n, gbàlejò Garland, wọ́n sì ní ó yẹ kí wọ́n pè é jókòó. Jerry Moran ti Kansas náà sọ bẹ́ẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta, àwọn alágbára inú ẹgbẹ́ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn máa fi ẹlòmíràn dojú kọ ọ́ nínú ìbò abẹ́lé, ó sì yí ohùn padà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Orúkọ Garland wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 293. Orúkọ náà kú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kínní ọdún 2017, nígbà tí sáà ilé ìgbìmọ̀ náà parí. Trump fi Neil Gorsuch sórí àga Scalia, ìbò 54 sí 45.

Ọdún 2020: ọgbọ̀n ọjọ́

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ni Trump kéde Amy Coney Barrett, ẹni ọdún 48. Ìjókòó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹwàá, ó sì parí lọ́jọ́ 15. Lọ́jọ́ 22, ìgbìmọ̀ dìbò 12 sí òdo, torí pé àwọn Democrat kò wá. Àwòrán àwọn ènìyàn tí òfin ìlera Obama ń gbà là ni wọ́n gbé sórí àga wọn. Lọ́jọ́ 26, ilé fọwọ́ sí i, 52 sí 48. Láti ọjọ́ ìkéde sí ọjọ́ ìbò jẹ́ ọjọ́ 30. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ìdìbò parí, àwọn ènìyàn tó ti dìbò wọn sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ sì ti ju mílíọ̀nù 50 lọ. Bí ohùn aráàlú bá jẹ́ ìdí lọ́dún 2016, nígbà tí ó ku bíi oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n dìbò, àwọn aráàlú ti ń sọ tiwọn lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Graham

Nínú gbogbo àwọn tí ẹ̀sùn yìí kàn, Lindsey Graham, sẹ́nétọ̀ láti South Carolina, ni kò rí ibi sá sí. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2016, níwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu òun mú òun: bí ààrẹ Republican bá wọlé lọ́dún 2016, tí àga bá ṣófo lọ́dún tó gbẹ̀yìn sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n wí pé Lindsey Graham ló ní kí ààrẹ tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́, fi adájọ́ sí i. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí òṣèlú tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń fi “bí ó bá rí báyìí” àti “àyàfi” há ọ̀rọ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Graham to gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2020 kalẹ̀ bí ẹni tó lọ dífá: ẹgbẹ́ ààrẹ, sáà àkọ́kọ́, ọdún tó gbẹ̀yìn.

Lọ́dún 2020, Graham gan-an ni alága ìgbìmọ̀ ìdájọ́. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kejì ikú Ginsburg, ó mú ìdí méjì wá tó fi yí ohùn padà. Èkíní, pé àwọn Democrat ló yí òfin ìbò 60 padà fún àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀. Èkejì, pé ohun tí wọ́n fojú Brett Kavanaugh, adájọ́ tí Trump fà kalẹ̀ lọ́dún 2018, rí kò dára.

Ẹni bá máa yẹ irú ìdí yìí wò kò nílò ju kàlẹ́ńdà lọ. Ẹni tó bá ní “nǹkan ti yí padà” gbọ́dọ̀ fi nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlérí rẹ̀ hàn wá. Ọ̀rọ̀ òfin ìbò yẹn jẹ́ ti ọdún 2013. Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ nígbà tí Graham ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu òun mú òun. Ìdí kan wó. Ti Kavanaugh sún mọ́ òótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọdún 2018 ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó tó gbóná jù níbẹ̀, èyí tí Graham fúnra rẹ̀ ti fìbínú pariwo mọ́ àwọn Democrat, wáyé lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ariwo náà, Graham jókòó níwájú èrò níbi àpérò ìwé ìròyìn The Atlantic, ó sì tún un sọ pé bí àga bá ṣófo lọ́dún tó gbẹ̀yìn Trump, tí ìbò abẹ́lé sì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn á dúró de ìdìbò. Inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tán kó tó tún ìlérí náà ṣe. Ìdí kejì tẹ̀ lé èkíní.

Àwọn tó ń tan fídíò Graham kálẹ̀ sábà máa ń fi ti 2016 nìkan hàn. Ti 2018 ló lágbára jù, torí òun ló dí ọ̀nà ẹ̀yìn.

McConnell, ẹni tó ní ihò

Ti McConnell yàtọ̀. Ohun tó sọ lọ́dún 2020 ni pé láti àwọn ọdún 1880, kò sí ilé aṣòfin àgbà tó fọwọ́ sí adájọ́ tí ààrẹ ẹgbẹ́ kejì fà kalẹ̀ fún àga tó ṣófo lọ́dún ìdìbò. Pé ti 2016, Republican ló ni ilé, Democrat ló ni ipò ààrẹ. Pé ti 2020, ẹgbẹ́ kan ló ni méjèèjì. Àwọn alátakò ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ibí yìí ni wọ́n ti ṣì í. McConnell ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọdún 1888, ìgbà ìkẹyìn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, lábẹ́ ààrẹ Grover Cleveland, nílé lọ́dún 2016 alára. Ẹni tó bá fẹ́ mú un gbọ́dọ̀ gba ibòmíràn.

Ibòmíràn náà wà. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ gbé jáde lọ́jọ́ ikú Scalia kò ní “ẹgbẹ́ wo ló ni ilé” nínú. Ohùn aráàlú ló wà níbẹ̀. Bí aráàlú bá ní ẹ̀tọ́ láti lẹ́nu nínú yíyan adájọ́, ẹ̀tọ́ náà kì í tán torí pé ilé àti ààrẹ bára wọn ṣọ̀rẹ́. Ó fi ìdí tó dùn létí síwájú, ó fi èyí tó máa nílò lọ́la pa mọ́ sẹ́yìn. Àti pé ọ̀rọ̀ 1888 yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n gé e kó bá a mu: Anthony Kennedy rí ìfọwọ́sí ilé tí Democrat ni, 97 sí òdo, lóṣù Kejì ọdún ìdìbò 1988, lábẹ́ Ronald Reagan tó jẹ́ Republican. Gbólóhùn “àga tó ṣófo lọ́dún ìdìbò” ló yọ ọ́ sílẹ̀, torí ọdún 1987 ni àga Kennedy ti ṣófo.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2019, ní Paducah ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ẹnì kan bi McConnell pé bí adájọ́ kan bá kú lọ́dún 2020 ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á fi ẹlòmíràn sí i. Nítorí náà, ó tó oṣù mẹ́rìndínlógún tó ti sọ ohun tó máa ṣe. A lè bínú sí i, ṣùgbọ́n a ò lè sọ pé ó tàn wá.

Àwọn tó ń fẹ̀sùn kanni

Ọwọ́ àwọn Democrat náà kò mọ́. Lọ́dún 2016 “ẹ ṣiṣẹ́ yín” ni wọ́n kọ sára pátákó wọn. Lọ́dún 2020 “ẹ jẹ́ kí aráàlú dìbò ná” ni. Chuck Schumer, olórí wọn nílé, gbé gbólóhùn McConnell ti ọdún 2016 jáde lórí Twitter lálẹ́ ọjọ́ tí Ginsburg kú, ní ọ̀rọ̀-dé-ọ̀rọ̀, láìfi àmì sí i pé ti ẹlòmíràn ni. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó ti fi oṣù mẹ́wàá pè ní ìranù ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti sọ ohun tí Schumer fẹ́ sọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ẹnì kan lè sọ pé: òfin yìí kò dára, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ tẹ̀ lé e. Kò sí àgàbàgebè níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń di ọ̀tá mú sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíràn lè sọ pé: ó tọ́ kí aráàlú dìbò ná. Ìyẹn ti di ìgbàgbọ́ tirẹ̀, a sì lè bi í pé ọdún 2016 ńkọ́. Púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èkíní, wọ́n parí sí èkejì láìfura.

Joe Biden ni wọ́n fi fídíò rẹ̀ ṣeré jù. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1992, nígbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìdájọ́, ó ní bí àga bá ṣófo, kí ààrẹ George H. W. Bush má dárúkọ ẹnikẹ́ni títí ìdìbò yóò fi parí. McConnell sọ ọ́ di “òfin Biden”. Nǹkan méjì ni àwọn tó gé fídíò náà yọ kúrò: kò sí àga kankan tó ṣófo lọ́jọ́ náà, àti pé nínú ọ̀rọ̀ kan náà, Biden ní bí Bush bá bá ilé sọ ọ́ tàbí kó mú ẹni tí kò le jù wá, òun lè tì í lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà, a ò lè fi ìyẹn wẹ̀ ẹ́ mọ́ tán. Lọ́dún 2016 ó ní bí òun bá jẹ́ alága, òun á pe ẹni tí ààrẹ bá yàn jókòó kódà bí ó bá ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n dìbò. Lọ́dún 2020, tó ń du ipò ààrẹ, ó ní kí wọ́n dúró. Ìbò tó ti bẹ̀rẹ̀ ló fi gbèjà ara rẹ̀, ó sì ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà méjì ni ọkọ̀ náà ti yí orí padà.

Ẹni tí ẹ̀sùn kò bá ni Susan Collins: ó ní kí wọ́n pe Garland jókòó lọ́dún 2016, ó dìbò lòdì sí Barrett lọ́dún 2020, òun nìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Lisa Murkowski ti Alaska ní ìlànà kan náà ló yẹ fún ọdún méjèèjì, ó dìbò lòdì sí bí wọ́n ṣe ń kánjú, ó sì wá dìbò fún Barrett fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mitt Romney, sẹ́nétọ̀ Republican láti Utah, ló wá parí ìṣirò. Republican jẹ́ 53 lọ́dún náà; wọ́n lè pàdánù mẹ́ta, kí igbákejì ààrẹ Mike Pence fi tirẹ̀ já a. Collins àti Murkowski ti yẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Romney, lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ó sì ní òun gbà kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Kò sí fídíò tí wọ́n lè gbé jáde lòdì sí i: oṣù Kínní ọdún 2019 ló tó dé ilé aṣòfin àgbà.

Ohun tí ẹ̀sùn náà rà

Owó ló kọ́kọ́ wọlé. Kí òpin ọ̀sẹ̀ tí Ginsburg kú tó parí, àwọn tó ń dáwó fún Democrat lórí ActBlue, ìkànnì ìdáwó wọn, ti dá ohun tó lé ní mílíọ̀nù 90 dọ́là. Jaime Harrison, tó ń bá Graham du ìjókòó ní South Carolina, kó mílíọ̀nù 57 dọ́là láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án; títí di ìgbà náà, kò sí olùdíje sẹ́nétọ̀ tó kó irú rẹ̀ rí láàárín oṣù mẹ́ta. Graham bọ́ sórí Fox News, ó ń tọrọ owó. Fídíò “ẹ fi ọ̀rọ̀ mi mú mi” wọ gbogbo tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ náà.

Graham borí pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Collins náà wọlé ní Maine. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀sùn àgàbàgebè ń dun ẹni tó bá gbà pé ìlànà ni wọ́n ń du. Olùdìbò Republican ní South Carolina mọ̀ pé adájọ́ ni wọ́n ń du, adájọ́ tó máa wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún bóyá, kò sì ní pa á tì torí ọ̀rọ̀ tí sẹ́nétọ̀ rẹ̀ sọ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2022, adájọ́ márùn-ún fọwọ́ sí i láti fagi lé ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1973. Barrett àti Gorsuch wà nínú márùn-ún náà.

Lóṣù Kẹta ọdún 2021, Biden fi Merrick Garland ṣe olórí ètò ìdájọ́ ìjọba rẹ̀. Ilé fọwọ́ sí i, 70 sí 30. McConnell àti Graham wà lára àwọn 70.

Lóṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n bi McConnell lórí rédíò pé bí Republican bá tún gba ilé, tí àga bá ṣófo lọ́dún 2024, ṣé wọ́n á jẹ́ kí Biden fi adájọ́ sí i. Ó ní ó ṣòro gan-an kó ṣẹlẹ̀. Stephen Breyer, adájọ́ tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò dúró wò ó. Lóṣù Kínní ọdún 2022, nígbà tí Democrat ṣì ní 50 àti igbákejì ààrẹ, ó kéde pé òun ń fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin, ilé fọwọ́ sí Ketanji Brown Jackson láti gba àga rẹ̀, 53 sí 47.